Fáìlì Tí Bàbá Mi Gbé Lọ sí Ọsibítù

Iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń ṣe ní Fìdítì, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ òyìnbó wọ̀yá ìjà níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti rí ọ̀rọ̀ alágídí, mo ti rí ọ̀rọ̀ elétekéte, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì bí mi nínú tó fáìlì. Ẹ lè ní ọ̀rọ̀ lásán kò lè bí èèyàn nínú. Bóyá nítorí pé kò tíì ṣe yín ní ohun tó ṣe mí ni.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwà rẹ̀ ná. Nínú yàrá àwọn tíṣà, fáìlì ni páálí pẹlẹbẹ tí à ń kó ìwé sí, èyí tí kì í sí ní àyè rẹ̀ lọ́jọ́ tí aláyẹ̀wò bá dé láti Ìbàdàn. Lórí pápá láàárọ̀, igbákejì ọ̀gá wa á pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ tò ní fáìlì kan ṣoṣo, wọ́n á sì tò gbọọrọ títí dé ẹ̀yìn kíláàsì. Bí mo bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, á máa bẹ̀ mí pé kí n má pa fáìlì òun rẹ́. Orin ló ń wí. Ọmọbìnrin tó ń tún èékánná ṣe ní gáréèjì ní fáìlì tirẹ̀, tí kò gùn ju ìka àárín lọ. Ní ti àwọn lọ́yà, ẹjọ́ ni wọ́n ń fáìlì. Fáìlì níwájú, fáìlì lẹ́yìn, ọ̀kan kò sì jọ èkejì.

Ní Ìlọrà níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹyọ kan péré la mọ̀. Irin gígùn tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka ni, òun ni àgbẹ̀ fi ń pọ́n àdá àti ọkọ́. Kò sí ilé tí kò sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìró rẹ̀ lára àdá ló máa ń jí wa láàárọ̀, a ó ti mọ̀ pé Bàbá fẹ́ lọ sí oko nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn bára mu tí ìtumọ̀ wọn kò pa pọ̀, mo kọ fáìlì sójú pátákó, mo to gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, ṣé ọ̀rọ̀ ò tó àwọn òyìnbó ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó, kó máa kọ ohun tó wà lójú pátákó. Ká má purọ́, ìbéèrè rẹ̀ dára ju ohun tí mò ń kọ́ wọn lọ.

Bàbá mi ṣì wà ní Ìlọrà. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, awọ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú wọn méjèèjì, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan ni mo lọ kí wọn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní àwọn kúkú mọ̀, oòrùn ló ń ta àwọn lójú. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òjò ló ń bọ̀.

Mo fà wọ́n lọ sí ọsibítù kan lọ́nà Ọ̀yọ́ tí àwọn dókítà ojú máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn dókítà yìí kì í gba kọ́bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n sì máa ń lò. Àwọn ará ọsibítù ló kọ́kọ́ yẹ ojú Bàbá wò, wọ́n ní bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú náà á là padà, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ jù, àwọn ò lè ṣèlérí mọ́. Wọ́n kó èsì àyẹ̀wò náà sínú páálí kan, wọ́n kọ orúkọ Bàbá sí i lára, wọ́n fún wa lọ́jọ́. Nígbà tí a délé, mo fi í sínú náílọ́ọ̀nù, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bàbá, ìwé ọsibítù yín rèé o." Ìwé ọsibítù ni mo pè é. Bí mo bá ti dúró lórí orúkọ yẹn ni, ì bá ti dára.

Ọjọ́ tí wọ́n dá bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá ní ilé-ìwé wa. Mo bẹ ọ̀gá wa, ó ní tí mo bá lọ, ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn. Mo wá bá aládùúgbò Bàbá kan sọ ọ́, tó ń gun ọ̀kadà, pé kó gbé wọn lọ kó sì dúró tì wọ́n. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo pe Bàbá lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ má gbàgbé fáìlì lọ́la o. Bí ẹ ò bá mú fáìlì dání, wọn ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún yín."

Wọ́n ní, "Fáìlì?"

"Ẹ̀ẹ́n, fáìlì. Òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè."

Wọ́n ní, "Ti tuntun àbí ti àtijọ́?"

Páálí àtijọ́ kan wà lóòótọ́, èyí tí a gbà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Fìdítì. Mo rò pé òun ni wọ́n ń sọ, inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n rántí. Mo ní, "Ti tuntun ni o, Bàbá. Ẹ má mú ti àtijọ́ lọ." Wọ́n ní ó dáa. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Èyí tèmi bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì gbọ́ ìgbà tó fọ́.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, mo wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò nígbà tí ìpè wọlé. Obìnrin kan ni, akọ̀wé tó ń gba orúkọ ní ọsibítù náà. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ ni bàbá àgbà kan láti Ìlọrà? Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n gbé wá bá wa." Ẹ̀rín ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. N kò gbọ́ ohùn Bàbá rárá.

Aládùúgbò tó gbé wọn lọ ló wá ro gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní nígbà tó kan Bàbá, akọ̀wé náà ní, "Bàbá, fáìlì yín dà?" Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò dàńṣíkí, wọ́n yọ nǹkan kan tí wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé, wọ́n tú u, wọ́n sì gbé fáìlì ìpọ́nàdá kalẹ̀ lórí tábìlì. Tuntun ni. Wọ́n ti lọ rà á lọ́jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ní, "Mo ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́." Akọ̀wé náà gbé e sókè kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè rí i. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì sáré dé, ó gbà á, ó ní ohun ìjà ni, pé ìgbà tí wọ́n bá ń lọ ni òun ó tó dá a padà fún wọn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Wọ́n ní kí Bàbá máa lọ, nítorí láìsí èsì àyẹ̀wò, dókítà ò lè fọwọ́ kan ojú wọn.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí àwọn dókítà náà máa lò kẹ́yìn. N kò bèèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo lọ já páálí náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé Bàbá, a débẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Akọ̀wé náà wo ìwé rẹ̀, ó ní orúkọ ti kún, kí a padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní ojú kì í ṣe ọgbà ẹ̀gẹ́ tó lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Mo sọ̀kò Gẹ̀ẹ́sì lù ú, Gẹ̀ẹ́sì tó nípọn, èyí tí mo máa ń fi pamọ́ fún àwọn aláyẹ̀wò. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó nípọn ju tèmi lọ dá mi lóhùn. Bàbá fà mí láṣọ, wọ́n ní, "Jẹ́ ká lọ." A sì lọ.

Inú bí mi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo bínú sí akọ̀wé náà, mo bínú sí ọ̀gá wa, mo bínú sí ọlọ́dẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbínú náà máa ń padà sí ni ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan wà ní yàrá ìkàwé ilé-ìwé wa tí ikán ti jẹ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ṣí i bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá jà. Mo rí i pé fáìlì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọ́n kàn pàdé nínú ilé kan ṣoṣo ni, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Fáìlì àgbẹ̀ ni ọmọ onílé. Ọ̀rọ̀ àtayébáyé àwọn òyìnbó fúnra wọn ni, irin tí a fi ń ha irin ló sì ti ń jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fáìlì akọ̀wé ni àlejò. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé ló ti wá, àwọn yẹn náà sì gbà á láti inú èdè Látìn, níbi tó ti ń jẹ́ òwú. Nígbà tí kò tíì sí páálí, ńṣe ni àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ máa ń lu ìwé ní ihò, wọ́n á fi okùn tàbí wáyà sín in bí a ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ìlà tí àwọn ọmọ ń tò láàárọ̀, inú òwú yẹn náà ló ti jáde.

Mo rò pé mo ti parí, mo tún rí ẹ̀kẹta, tí ẹnikẹ́ni ò sọ mọ́ láyé òde òní: ká fáìlì nǹkan, ìyẹn ni pé ká bà á jẹ́, ká sọ ọ́ di ìdọ̀tí. Mo pa ìwé náà dé. Bàbá mi tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló mú fáìlì onílé lọ sí ọsibítù. Èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé ẹ̀rí ni mo rán wọn níṣẹ́ fáìlì àlejò láìsọ fún wọn pé àlejò ni. Ta ló yẹ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ìlọrà. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá á gbé àdá wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kí dókítà bá àwọn pọ́n ọn. Bàbá á bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kì í rẹ́rìn-ín. Ojú náà ń burú sí i. Nígbà tí wọ́n ń ro oko lọ́dún yìí, ebè àgbàdo méjì ni wọ́n fi ọkọ́ gé mọ́ koríko, àgbàdo tí kò ju orúnkún lọ, wọn ò sì mọ̀ títí ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà fi ké sí wọn. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ ilẹ̀ wò, wọ́n ń wá èyí tó kù. Mo bá wọn wá a.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Fìdítì, mo sọ̀ ní Ìlọrà. Bàbá jókòó sórí àpótí níwájú ilé, wọ́n ń yin àgbàdo sínú igbá. Mo fa àga kan sún mọ́ wọn.

Mo ní, "Bàbá, àwọn dókítà ojú yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́rú."

"Mo gbọ́. Wọ́n kéde ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ìdájí la ó lọ. Mo ti gbàyè."

"Ìwọ ni ó lọ. Èmi ò lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo ní kí wọ́n má wo ti ẹ̀rín èṣí, pé akọ̀wé yẹn tiẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wọn bí mo ṣe rí i nínú ìwé, pé fáìlì ti ọsibítù, òwú ni ìtumọ̀ rẹ̀, òwú tí wọ́n fi ń sín ìwé láyé àtijọ́.

Wọ́n ní, "Òwú ni, wọ́n wá ń pè é lórúkọ irin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọ́n mà kúuṣẹ́ o."

Mo ní, "Ẹ wò ó, àṣìṣe ni. Ẹ ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni, kò sì sí ẹni tí kì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́."

Wọ́n dá ọwọ́ dúró lára àgbàdo. "Ta ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́? Mi ò ṣi nǹkan kan gbọ́. Nígbà tí ìyá rẹ fẹ́ bí ọ, ọsibítù ní ká mú abẹ tuntun wá, ká mú òwú wá, ká mú ọṣẹ wá. A kó gbogbo ẹ̀ lọ, abẹ yẹn ni wọ́n sì fi gé ìwọ́ rẹ. Ìwọ wá pè mí, o ní wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sí mi lójú. O ní kí n mú fáìlì dání, o tún ní tuntun ni. Kí là ń fi fáìlì ṣe? Ṣebí irin la fi ń pọ́n. Mo ní abẹ wọn ni kò mú mọ́, pé kí kálukú mú èyí tí wọ́n ó fi pọ́n ọn fún un wá."

Iṣẹ́ abẹ. Odidi ọdún kan ni mo fi ń bú Gẹ̀ẹ́sì, abẹ náà sì wà nínú Yorùbá tí mo sọ fún wọn, lójú kòrókòró. Mo ti rò pé ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà rú Bàbá lójú, pé wọ́n kàn mú irin nílẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń mú nǹkan. Wọ́n ti rò ó já ju bí èmi ṣe rò ó lọ. N kò sì bi wọ́n léèrè rí, láti ọjọ́ yẹn títí di Sátidé. Mo bi ìwé tí ikán jẹ, n kò bi bàbá mi.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yin àgbàdo. Wọ́n ní, "Láti ilé yìí títí a fi débẹ̀, ọwọ́ mi wà lára irin yẹn nínú àpò. Mo ń sọ fún ara mi pé ohun tí wọ́n ó fi pọ́n abẹ tó máa wọ ojú mi ni mo dì mú yìí. Ẹ̀rù bà mí. Ó tó ẹ̀ẹ̀mejì tí mo fẹ́ ní kí ọlọ́kadà yí padà. Mo ní rárá, ọmọ mi ló ní kí n mú un wá, kò ní rán mi níṣẹ́ tó máa pa mí."

Mo ṣa hóró àgbàdo tó ta sílẹ̀ padà sínú igbá.

"Ẹ̀rín kọ́ ló dùn mí," wọ́n ní. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń rín in, èmi náà ń rín in. Ọkàn tí mo kó jọ lọ́jọ́ yẹn ni. Mo kó o jọ tán, wọ́n ní kí n gbé e padà sílé. Mi ò mọ̀ bóyá mo tún lè rí irú ẹ̀ kó jọ."

Mo sọ fún wọn pé irin tí dókítà máa lò kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, pé oògùn ni wọ́n á kọ́kọ́ kán sí ojú náà kó má bàa mọ ìrora, pé kò sí ohun kankan tí wọ́n ní láti mú dání àfi ara wọn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ lọ́dún tó kọjá ni. Mo rọra dìde, mo lọ fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fi ìbòrí nu ojú mi. Ìró àgbàdo tó ń já bọ́ sínú igbá kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí wọ́n máa tún sọ̀rọ̀, wọ́n yíjú sí àga tí mo ti dìde kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn dáadáa.

Wọ́n sọ fún àga náà pé, "Ó dáa. Bí o bá lè jókòó tì mí lọ́hùn-ún bí o ṣe jókòó tì mí yìí, n ó lọ."

Mo rọra padà lọ jókòó.